Gilbert Walker: Oníṣirò tí Wọ́n Rán Lọ Wádìí Òjò

Ìtàn àwọn akọni ilẹ̀ wa ni a sábà máa ń kọ sí irú ojú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí òyìnbó kan ni a mú wá. Kì í ṣe pé akọni ti tán nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ òjò ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ni wọ́n bí sí Òkè Ọya tí a sì dàgbà síbẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń gbẹ láti oṣù kẹwàá títí di oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. A mọ bí ojú àgbẹ̀ ṣe ń rí nígbà tó bá ti kọ ebè tán, tó ń wo ojú ọ̀run, tí ọ̀run kò sì wí nǹkan kan. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí fi ogún ọdún gbáko wá ìdáhùn sí ìbéèrè àgbẹ̀ náà: ṣé òjò ọdún yìí yóò rọ̀ tó, àbí kò ní rọ̀ tó?

Gilbert Thomas Walker ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1868 ni wọ́n bí i sí Rochdale, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ni ohunkóhun tó bá ti ń yí bíi òkòtó ti máa ń gbà á lọ́kàn. Ó kàwé ní St Paul's School ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ Trinity College ní Yunifásítì Cambridge ní ọdún 1886. Ní ọdún 1889, òun ni ó gba ipò kìíní nínú gbogbo àwọn tó ṣe ìdánwò àṣekágbá nínú ìmọ̀ ìṣirò. Senior Wrangler ni wọ́n ń pe ẹni tó bá gba ipò náà, oyè ńlá sì ni nígbà náà. Ìwé tó kà lákàjù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ara rẹ̀ dẹ̀, ó sì di dandan kí ó lọ sinmi ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi bàtà onírin sáré lórí yìnyín.

Nígbà tó padà sí Cambridge tó di olùkọ́, nǹkan mìíràn ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Igi kọdọrọ kan wà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Australia máa ń jù, tí yóò yí po nínú afẹ́fẹ́ tí yóò sì padà wá bá ẹni tó jù ú. Boomerang ni wọ́n ń pè é. Walker a máa jù ú lórí pápá tó wà lẹ́yìn àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà létí odò, débi pé Boomerang di orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Kì í ṣe eré lásán ni ó ń fi ṣe. Ní ọdún 1897 ó tẹ ìwé jáde tó fi ìṣirò ṣàlàyé ìdí tí igi náà fi ń padà. Ó fẹ́ràn fèrè pẹ̀lú, ó sì wádìí bí a ṣe lè mú ohùn fèrè dára sí i. Ènìyàn tó bá rí i nígbà náà kò lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ebi ń pa ní ilẹ̀ jíjìn ni yóò gba gbogbo ayé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Cambridge wàyí, kí a dé Íńdíà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Òjò ilẹ̀ Íńdíà kì í rọ̀ káàkiri ọdún. Bí a bá pín òjò ọdún kan sí ọ̀nà mẹ́rin, nǹkan bí ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń rọ̀ láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ẹ̀fúùfù bá gbé ọ̀rinrin láti orí òkun wọ inú ilẹ̀. Mọ̀nsúùnù ni wọ́n ń pè é. Bí mọ̀nsúùnù bá kùnà, oko kùnà nìyẹn. Ó kùnà ní ọdún 1877, ìyàn tó sì mú láàrin 1876 sí 1878 pa ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. A kò ní di ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ ru òjò o. Bí àwọn ènìyàn ti ń kú ní ojú títì, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń kó ọkà kúrò ní èbúté Íńdíà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dá ni ó gbẹ oko, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba wà nínú bí ikú náà ṣe pọ̀ tó.

Ìjọba náà fẹ́ mọ òjò kí ó tó rọ̀. Henry Blanford, tó jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ fún iléeṣẹ́ ojú-ọjọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1875, kíyè sí i pé bí yìnyín bá pọ̀ lórí òkè Himalaya, òjò a máa dín kù nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó bá tẹ̀ lé e. John Eliot gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1899, Eliot sọ tẹ́lẹ̀ pé òjò yóò pọ̀. Òjò kò rọ̀. Ìyàn ńlá mìíràn tún mú. Nígbà tí Eliot ń múra láti fẹ̀yìn tì, ohun tí wọ́n rò ni pé iṣẹ́ yìí kò tún gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fojú díwọ̀n. Oníṣirò ni wọ́n wá lọ. Walker kò mọ nǹkan kan nípa ojú-ọjọ́ nígbà tí wọ́n pè é, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n mú. Ní ọdún 1904 ó di ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà, ní ìlú Simla tó wà lórí òkè. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni.

Kí ni oníṣirò yóò ṣe sí òjò? Ohun tó kọ́kọ́ ye Walker ni pé kò sí ẹni tó lè fi ìwé ìṣirò ìgbà yẹn ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ gbogbo ayé ṣe ń lọ. Nítorí náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdí. Ó ní kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bá ohun rìn ná. Ọ̀nà ìṣirò kan wà tí Francis Galton àti Karl Pearson là sílẹ̀, tí a fi ń wọn ìbátan láàrin nǹkan méjì. Bí àwọn méjèèjì bá ń gòkè pọ̀ tí wọ́n sì ń sọ̀ pọ̀ nígbà gbogbo láì yẹ̀, iye ìbátan wọn jẹ́ 1. Bí ọ̀kan bá ń gòkè nígbàkígbà tí èkejì bá ń sọ̀, ó jẹ́ 1 tó ní àmì àyọkúrò. Bí wọn kò bá mọ ara wọn rí, ó sún mọ́ òfo. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún kíláàsì sìtátísíìkì, ìṣirò yìí náà ni.

Walker kó àkọsílẹ̀ jọ láti gbogbo ibi tí òyìnbó gbé bàrómítà àti ìgò tí wọ́n fi ń wọn òjò dé: Íńdíà, Australia, erékùṣù Java, Zanzibar, Gúúsù Amẹ́ríkà, àti bí omi odò Náílì ṣe ń kún sí. Ó fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó níbi kọ̀ọ̀kan, àti bí òjò àti ooru ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ní ọdọọdún. Lẹ́yìn náà ó fi ti ibí wé ti ọ̀hún, ó fi ti oṣù yìí wé ti oṣù tó ń bọ̀.

Kò sí kọ̀ǹpútà. Àwọn akọ̀wé ọmọ Íńdíà ni ó ṣe ìṣirò náà, wọ́n jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń fi gègé ṣe é, ọdún dé, ọdún lọ. Ìbátan kan ṣoṣo láàrin ìlú méjì fún ogójì ọdún gba ìsọdipúpọ̀ àti àròpọ̀ tó lè gba wákàtí púpọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé tí ọ̀pọ̀ òyìnbó fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn akọ̀wé wọ̀nyí ni iṣẹ́ náà kù sí lọ́wọ́. Orúkọ Walker ni ayé mọ̀ lónìí. Ní tiwa, a rò pé ó yẹ kí a mọ orúkọ àwọn akọ̀wé náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí ìwé ìtàn ìjọba amúnisìn ṣe máa ń rí náà nìyẹn.

Síbẹ̀, a kò ní ṣe àìsọ ire tó ṣe fún akọ̀wé kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ní iléeṣẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1913, iṣẹ́ gbé Walker dé Madras, ìlú tí a ń pè ní Chennai lónìí. Sir Francis Spring, tó jẹ́ ọ̀gá àjọ èbúté ibẹ̀, fi ìwé ìṣirò tí akọ̀wé rẹ̀ kan kọ hàn án. Akọ̀wé náà kò ní oyè yunifásítì kankan. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò nítorí pé kò ka nǹkan mìíràn àyàfi ìṣirò. Srinivasa Ramanujan ni orúkọ rẹ̀. Walker wo ìwé náà, ó sì rí i pé iṣẹ́ tó jinlẹ̀ ni. Ó kọ̀wé sí Yunifásítì Madras pé kí wọ́n ran ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ kí ó lè fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe ìṣirò. Wọ́n gbà. Wọ́n ń fún un ní rúpì 75 lóṣooṣù fún ọdún méjì, èyí tó ju ìlọ́po méjì owó oṣù tó ń gbà lọ. Ní ọdún 1914 Ramanujan dé Trinity College, ilé ẹ̀kọ́ Walker fúnra rẹ̀, láti bá G. H. Hardy ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìmọ̀ ìṣirò mọ ohun tó ti ibẹ̀ jáde.

Ó kù díẹ̀ kí a gbàgbé òjò. Bí àwọn akọ̀wé ti ń mú èsì wá, ẹ̀rù kan ba Walker, ẹ̀rù yìí sì ni a rò pé ó fi í hàn bí onímọ̀ gidi. Bí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ bá ju kọ́bọ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́fà mẹ́fà, ẹnì kan tàbí méjì nínú wọn ni yóò máa rí orí owó ní gbogbo ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kì í ṣe pé ó ní oògùn. Iye àwọn tó jù ú ló pọ̀. Bákan náà ni ẹni tó bá wá ìbátan láàrin ẹgbẹ̀rún nǹkan yóò rí àwọn kan tó dà bí òtítọ́ tí wọ́n sì jẹ́ èèṣì lásán. Ní ọdún 1914 Walker gbé ìlànà kan jáde tí a ó máa fi yẹ irú ìbátan bẹ́ẹ̀ wò kí a má baà fi èèṣì tan ara wa jẹ. Ó tún gbé ọ̀rọ̀ àwọn ààmì dúdú ojú oòrùn yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà gbà pé àwọn ló ń darí òjò. Ìṣirò fi hàn pé ìbátan wọn kéré jọjọ. Èyí kò dùn mọ́ àwọn kan nínú.

Ohun tó kù nínú asẹ́ lẹ́yìn gbogbo kíkù yìí ni ó mú orúkọ Walker wà títí di òní. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wúwo jù bó ṣe yẹ lọ lórí òkun Pásífíìkì, a máa fúyẹ́ lórí òkun Íńdíà àti agbègbè Australia. Bí ó bá fúyẹ́ ní Pásífíìkì, a wúwo ní ti ọ̀hún. Ó dà bí òṣùwọ̀n onígbá méjì: bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀, èkejì yóò gòkè, igbá kan sì jìnnà sí èkejì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì. Òjò ń tẹ̀ lé ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti fúyẹ́. Àwọn kan ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló fi iye kọ ọ́ sílẹ̀ tó sì sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọdún 1924 ó pè é ní Southern Oscillation, ìyẹn ni pé fífì síwá sẹ́yìn ti ìhà Gúúsù. Ó rí irú rẹ̀ méjì mìíràn tí wọ́n kéré sí i ní ìhà àríwá, ọ̀kan lórí Àtìláńtíìkì, èkejì lórí Pásífíìkì.

Ọdún 1924 yẹn náà ni ó fẹ̀yìn tì ní Íńdíà. Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Sir dá a lọ́lá, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ojú-ọjọ́ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù títí di 1934. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní 1928 ó kọ̀wé nípa ọ̀dá tó máa ń pa àwọn ará Ceará ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Brazil, ó sì so ó mọ́ ìrìn afẹ́fẹ́ gbogbo ayé.

Àbí ó wá rí ohun tí wọ́n rán an? Rárá. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Òṣùwọ̀n ńlá tó rí yìí wúlò láti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn lẹ́yìn mọ̀nsúùnù Íńdíà ju bó ṣe wúlò láti sọ mọ̀nsúùnù fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Walker mọ èyí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún tí àmì kò bá lágbára, kò fẹ́ kí a sọ àsọtẹ́lẹ̀ kankan. Ohun tó tún burú sí i ni pé kò lè sọ ìdí tí òṣùwọ̀n náà fi ń fì. Èrò rẹ̀ ni pé bí a bá mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lọ ní òkè réré, ìdí náà yóò hàn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á gbọ́. Lójú wọn, báwo ni ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́ ní ìlú kan ní Australia yóò ṣe mọ ti Gúúsù Amẹ́ríkà? Wọ́n ní iye tí kò ní ìdí, iye lásán ni. Ó kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1958 ní Coulsdon, lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Nínú ìwé ìrántí tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ kọ lórí rẹ̀, wọ́n fi ọgbọ́n sọ ọ́ pé ìrètí rẹ̀ kò dà bí èyí tó fẹ́ ṣẹ.

Ibi tó dùn nínú ìtàn yìí nìyí. Bí Walker ti ń kú lọ, ìdáhùn ti wà lójú omi. Àwọn apẹja Peru ti mọ̀ tipẹ́ pé ní àwọn ọdún kan, ní àsìkò Kérésìmesì, omi òkun wọn tó máa ń tutù a di lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹja a sì sá lọ. El Niño ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ọmọ Kékeré, nítorí ìbí Jésù. Gbogbo ayé rò pé ọ̀rọ̀ etíkun Peru nìkan ni. Láàrin 1957 sí 1958, àwọn onímọ̀ gbogbo ayé dáwọ́ jọ láti wọn ilẹ̀, òkun àti òfurufú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. El Niño ńlá sì bọ́ sí àárín ọdún náà gan-an. Wọ́n rí i pé omi tó gbóná náà kò dúró sí etíkun. Ó nà la Pásífíìkì já dé àárín òkun.

Jacob Bjerknes, ọmọ Norway tó ń ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Los Angeles, ni ó so ó pọ̀. Ẹ̀fúùfù tó ń ti ìlà-oòrùn fẹ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní àárín ayé ni ó ń wọ́ omi gbígbóná jọ sí ẹ̀gbẹ́ Indonesia, débi pé ojú òkun níbẹ̀ ga ju ti Peru lọ ní nǹkan bí ìdajì mítà. Omi tútù sì ń rú jáde láti ìsàlẹ̀ ní Peru. Lórí omi gbígbóná, afẹ́fẹ́ ń gòkè, òjò ń rọ̀. Ó gba òkè lọ sí ìlà-oòrùn, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí omi tútù, ó sì tún fẹ́ padà. Ẹ̀fúùfù ló ń jẹ́ kí omi ìhà méjèèjì yàtọ̀. Ìyàtọ̀ omi náà ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀fúùfù fẹ́. Bí ẹ̀fúùfù bá rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, omi gbígbóná a ṣàn padà sí ìlà-oòrùn, ìyàtọ̀ a dín kù, ẹ̀fúùfù a tún rẹ̀ ẹ́ sí i. El Niño dé nìyẹn, òjò a sì ṣí kúrò níbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Òṣùwọ̀n Walker àti omi àwọn apẹja Peru, ohun kan náà ni wọ́n. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1969, Bjerknes fi orúkọ Walker sọ ìyípo afẹ́fẹ́ náà: Walker Circulation. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ àwọn akọ̀wé Simla. Ní 1969 náà ni Syukuro Manabe àti Kirk Bryan kọ́kọ́ gbé àwòṣe kan jáde tó so òkun àti òfurufú pọ̀ nínú ìṣirò kan. Manabe wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Mark Cane àti Stephen Zebiak ní Amẹ́ríkà ṣe àwòṣe tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún òkun Pásífíìkì nìkan. Ní 1986 wọ́n fi í sọ tẹ́lẹ̀ pé El Niño ń bọ̀, ó sì dé.

Àwa náà kò sí lẹ́yìn òde. Ìsinmi òjò oṣù kẹjọ tí àwọn ará ilé wa ní Èkó àti Ìbàdàn mọ̀ dáadáa ní òkun nínú. Lóòótọ́, òjò ti ṣí wá sí Òkè Ọya lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ṣùgbọ́n omi tútù tún máa ń rú jáde ní etíkun Ghana àti Côte d'Ivoire ní àsìkò náà, kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gòkè dáadáa. Àjọ NiMet, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí ẹ bá rí ìwé náà, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń sọ bí ooru Pásífíìkì ṣe rí. Iṣẹ́ Walker wà níbẹ̀.

Mọ̀nsúùnù Íńdíà ńkọ́? Ní 1997, El Niño tó wà lára àwọn tó lágbára jù lọ ní ọ̀rúndún ogún gba gbogbo Pásífíìkì. Gbogbo ènìyàn ń retí ọ̀dá. Òjò Íńdíà rọ̀ bó ṣe yẹ kó rọ̀ gẹ́lẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ kan ṣàlàyé pé òkun Íńdíà náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, láàrin etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà àti Sumatra.